Colomba, Ìwọ Tí O Tú Ọmọ Àbùùbùtán Sílẹ̀

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, Colomba. Ọdún márùn-ún! Ẹnu mi ṣì máa ń pè ọ́ láàárọ̀ kí ọkàn mi tó rántí.

Èmi Ambrogio ọkọ rẹ ni, àti Delfina, àti Pietrino, àti ìyá rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ! Geronima Bavastro fúnra rẹ̀ ló jókòó sí ìdí tábìlì wa bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń yọ eegun kúrò lára ẹja, ó sì ń sọ fún mi pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ. "Sọ fún un pé ara mi le," ó ní. "Má dárúkọ orúnkún mi o. Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe níbi tó wà?" Mo ti dárúkọ rẹ̀ báyìí. Orúnkún ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ dá ṣáká.

Cala Sorda ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. A ṣì ń kun ara ilé ní pupa àti àwọ̀ ìyeyè, kí ẹni tó wà lójú agbami lè mọ ilẹ̀kùn tirẹ̀ láti òkèèrè. Àwọn ológbò ṣì ń ṣáájú àwọn ìyàwó dé etí omi nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Bertumè ṣì ń bu omi sí wáìnì tó ń tà, ó ṣì ń búra pé òun kò bu nǹkan kan sí i. Àwọn bàbá arúgbó ṣì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń dá gbogbo ayé lẹ́jọ́ láì sí ẹni tó pè wọ́n sí ẹjọ́. Ìlú wa kéré! Bí ènìyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìsàlẹ̀ etí omi ni wọ́n ti ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́.

Síbẹ̀, ìlú tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó báyìí, ó mọ odì yàn pẹ̀lú. Ta ló mọ̀yẹn jù ọ́ lọ?

Bàbá bàbá mi ló gé okùn ọkọ̀ bàbá bàbá rẹ tí wọ́n so mọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìjì, kí ọkọ̀ tirẹ̀ má baà fọ́. Ọkọ̀ Bavastro sì lọ fọ́ mọ́ àpáta. Ẹnì kankan kò kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Bavastro kò ti kí Oneto mọ́, tí Oneto náà kò sì kí Bavastro. Àwọn tiyín gba apá ìlà oòrùn etí omi, àwa gba apá ìwọ̀ oòrùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, ilẹ̀kùn iwájú ni tiwa, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni tiyín. A ti ń bínú kí a tó mọ ohun tí à ń bínú sí.

Ìwọ ọmọ Bavastro wá lọ fẹ́ ọmọ Oneto! O kó aṣọ rẹ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja, o sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ òkúta ní ọ̀sán gangan, o sì gba iwájú àwọn bàbá arúgbó kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Colomba, níbo lò ń gbé ẹja lọ?"

O ní, "Kì í ṣe ẹja, bàbá. Ìyàwó ni. Ẹ tètè máa sọ ọ́ kiri kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ yín lẹ́nu."

Ìyá rẹ ti fèrèsé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pàdé lórí àkàsọ̀ tóóró yẹn, ògiri ló máa ń kí. A bí Delfina, kò wá. A bí Pietrino, kò wá. Àwọn ará ilé tèmi náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lazzaro ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ oúnjẹ rẹ lójoojúmọ́, ó sì ń pè ọ́ ní "ọmọ Bavastro" lójoojúmọ́.  O lọ sí ilé ìfiyọ̀sí, o ń to ẹja wẹ́wẹ́ sínú àgbá, ìlà kan ẹja, ìlà kan iyọ̀, títí iyọ̀ fi bó ọ ní ìka.

Bí okùn bá sì wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ìwọ náà ni. Bàbá rẹ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó kú, kò sì sí ọkùnrin tó lè pẹ́ lábẹ́ omi bíi tìrẹ. Àwọn Bavastro kì í pe orúkọ rẹ. Wọn á dúró sí etí omi, wọn á kígbe sí afẹ́fẹ́ pé, "Okùn mà ti wé mọ́ wa o!" Ìwọ náà kì í dá wọn lóhùn. O kàn máa ń bọ́ bàtà ni. Colomba! Ọkàn rẹ kì í ṣe ọkàn ènìyàn lásán.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sọ, bí o tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn ọmọ ní kí n sọ ọ́.

Oṣù kẹta ni. Ìjì ti jà láti ìhà òkun fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ìjì náà rọlẹ̀, a gbọ́ èémí. Èémí ńlá! Ó dà bí ìgbà tí a bá fín ewìrì fún iná alágbẹ̀dẹ ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo wa sáré jáde pẹ̀lú aṣọ tí kò bá ara mu.

Ẹranko kan dùbúlẹ̀ sí àárín èbúté wa, láàárín àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Ó gùn ju méjì nínú ọkọ̀ wa lọ. Ọmọdé sì ni! Ìgbà tí ìyá rẹ̀ mí ní òde ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró ni a tó mọ̀, tí èémí náà ga sókè ju ilé iná èbúté lọ. Ẹnu èbúté kò jìn tó fún ìyá láti wọlé, kò sì gbà láti lọ. Àwọ̀n ti wé mọ́ ọmọ náà ní ìrù, òjé ara àwọ̀n sì ń fà á lọ sísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí ló ń ja ìjà kó tó dé ojú omi.

Àbùùbùtán! Ẹran tí à ń bù tí kì í tán. A ti máa ń rí ẹ̀yìn wọn lókèèrè lójú agbami, a sì máa ń ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ti wá kí nílé rí?

Bertumè ní, "Ọlọ́run ti gbé ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú wa!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò jìnnà.

Lazzaro ló kọ́kọ́ rí òwú àwọ̀n náà. "Àwọ̀n Bavastro nìyẹn! Ẹ wo òwú aláwọ̀ ewé!"

Ottavio ìbátan rẹ dáhùn láti òdìkejì. "Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Òjé Oneto ló wà lára rẹ̀! Ẹ̀yin lẹ mọ okùn gé, àbí? Ẹ wá gé e!"

"Tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ!"

"Mo ní ẹ wá gé e, àrọ́mọdọ́mọ agé-okùn!"

Bó ṣe di ariwo nìyẹn. Etí omi méjèèjì ń bú ara wọn, ọmọ ẹranko ń kú lọ láàárín wọn. Àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀ kó kú, ìyá rẹ̀ á lọ. Àwọn kan ní bó bá kú síbí, ìyá rẹ̀ kò ní lọ láéláé, ọkọ̀ kankan kò sì ní lè jáde. A ti ké sí ọkọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọjọ́ kejì ló tó lè dé. Ìkùukùu tún ti ń ṣú ní orí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun. Ìjì ń padà bọ̀.

Ìwọ wá jáde láti ilé ìfiyọ̀sí. Ọwọ́ rẹ funfun fún iyọ̀. O kò pariwo. O lọ dúró sórí òkúta tí etí omi méjèèjì ti pàdé, níbi tí ẹnì kankan kì í dúró sí.

"Ó ń mí o," o wí. "Kò béèrè pé àwọ̀n ta ni."

O nawọ́ sí etí omi méjèèjì.

"Mo fẹ́ ọkọ̀ Oneto kan, mo fẹ́ ọkọ̀ Bavastro kan. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Àjẹ̀ ni kí ẹ fi wà á. Ọ̀kan ní ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan ní òsì, kó má baà fi orí gbá ògiri. Èmi á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ."

Lazzaro ní, "Èmi àti ọmọ Bavastro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa?"

"Ọmọ Bavastro ló ń se oúnjẹ fún ọ láti ọdún mọ́kànlá, Lazzaro. O kò tíì kú."

Ẹ̀rín bú jáde ní ìhà ìlà oòrùn, ó sì bú jáde ní ìhà ìwọ̀ oòrùn! Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín rí. Ottavio ti ń tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀rín tó tán.

O bọ́ bàtà. O gba ọ̀bẹ mi. Ìgbà náà ni fèrèsé ṣí.

"Colomba!"

Ìyá rẹ ni! Gbogbo èbúté gbójú sókè.

"Ṣé orí rẹ pé? Omi oṣù kẹta! O fẹ́ kí òtútù pa ọ́ kí n tún sin ọ̀kan sí i? Wọ súwẹ́tà bàbá rẹ!"

Súwẹ́tà náà já láti òkè, súwẹ́tà onírun àgùntàn tó wúwo yẹn, ó sì balẹ̀ sórí òkúta níwájú rẹ. O wò ó.  O gbé e wọ̀. Ohun kan ṣoṣo lo sọ: "Ẹ ṣé, Màmá." Odi ọdún mọ́kànlá wó lulẹ̀ báyẹn, nítorí òtútù.

Mo fi ọkọ̀ kékeré tiwa gbé ọ dé ẹ̀gbẹ́ ẹranko náà. Okùn wà ní ìbàdí rẹ, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. O wọ omi. O jáde, o ní, "Ó ń gbọ̀n, Ambrogio. Ẹ̀rù ń bà á." O tún wọlé. Mo rí ọ̀bẹ tó ń kọ mànà ní ìsàlẹ̀. O tún jáde, o mí. O tún wọlé.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, okùn kò mira mọ́ lọ́wọ́ mi.

Lazzaro gbé àjẹ̀ sókè, Ottavio gbé tirẹ̀ sókè. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá àbùùbùtán pàápàá kò mí mọ́ lóde. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, n kò mọ̀ pé ó lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ fa okùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára mi nígbà tí òun fúnra rẹ̀ fà mí.

O yọ! Àwọ̀n wà ní èjìká rẹ, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, ètè rẹ ti dúdú. Mo ń fà ọ́ wọ inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n èmi kọ́ lò ń wò. Ẹ̀yìn lò ń wò.

"Ó wo ojú mi," o wí. "Ambrogio, ẹyinjú rẹ̀ tóbi tó ọsàn. Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ènìyàn."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó rọra ń lọ bí aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Lazzaro wà ní òsì, Ottavio wà ní ọ̀tún, àjẹ̀ wọn ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Àwa náà tẹ̀ lé e dé ẹnu èbúté.

Ìyá náà sì wá. Há, Colomba! Ìyá náà wá! Ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, ó ń yọ, ó ń yọ, kò tán. Ó gba abẹ́ ọkọ̀ wa kọjá, ọkọ̀ sì ga sókè díẹ̀ bí ìgbà tí a bá gbé ọmọ tó sùn, ó tún rọra gbé wa kalẹ̀. Omi kò kán sí wa lára! Ó yí ẹ̀gbẹ́, ó fi apá ńlá rẹ̀ kan ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mí.

Èémí náà lọ sókè, ó ga, ó ṣí bí agboòrùn, ó sì bọ́ lé gbogbo wa lórí, Oneto, Bavastro, àwọn bàbá arúgbó, àwọn ológbò, àti ìyá rẹ lójú fèrèsé. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí ẹja. Kò sí ẹni tó nujú. Bertumè ṣí fìlà tí kì í ṣí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí àwọn ènìyàn lórí ìkúnlẹ̀, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. A ń wò wọ́n títí àwọn méjèèjì fi wọ inú agbami lọ. 

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóròóró lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé rẹ̀ ni pé, "Ìwọ! Iná yìí kéré. Bí o ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí?" Ó wá rí Delfina. Ó wò ó títí.

"Ta ni ọmọ yìí jọ?"

O ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó fi aṣọ tó fi bo búrẹ́dì bo ojú ara rẹ̀.

Ṣé ìjà tán? Kò tán, o mọ̀ wọ́n. Lazzaro àti Ottavio ṣì ń jà lórí ibi tí wọ́n á so ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń jà báyìí, wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ lọ́dọ̀ Bertumè. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ kéékèèké kò tilẹ̀ mọ èwo ni ilẹ̀kùn ta ni tẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ọdún mẹ́fà péré! Wọ́n tọ́jú rẹ ní ìlú ńlá, wọ́n ṣe é tọkàntọkàn, o sì ní kí n gbé ọ padà wálé. Ìyá rẹ ló gbá ọ mọ́ra ní òwúrọ̀ tí o lọ. Kò kí ògiri mọ́. Ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀, títí tí o kò fi dáhùn mọ́, kò sì dákẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ, wọ́n fẹ́ jà lórí rẹ. Lazzaro ní òun ni yóò wà níwájú pósí. "Ìyàwó Oneto ni!" Ottavio ní, "Ọmọ Bavastro ni!" Lazzaro tó ń fi orúkọ yẹn bú ọ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀! Ìyá rẹ ló pàṣẹ fún wọn: "Ẹ jọ gbé e, kí ẹ sì pa ẹnu yín dé!" Wọ́n jọ gbé ọ. Wọ́n sunkún bí ọmọdé, àwọn méjèèjì.

Jẹ́ kí n fún ọ ní ìròyìn ayọ̀. Delfina ti gba ìwé àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀! Òun ló ń darí ọkọ̀ wa báyìí. Àwọn bàbá arúgbó ní obìnrin nínú ọkọ̀ máa ń lé ẹja sá. Ó ní, "Ẹ má jẹ nínú rẹ̀ nígbà náà, bàbá." Wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹnu yẹn, tìrẹ ni!

Pietrino ti ga jù mí lọ. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ní ìlú ńlá. Gbogbo Sátidé ló máa ń dé pẹ̀lú ẹrù aṣọ ìdọ̀tí àti ebi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ, ó máa ń jáde lọ wo omi, a kì í pè é padà.

Ilé ìfiyọ̀sí kò tì. Ìyá rẹ ló ń ṣe olórí rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Àwọn obìnrin ń sá fún un, wọ́n sì ń fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé iyọ̀ tí o máa ń fi sí i ti pọ̀ jù, òun ti tún un ṣe.

Ilé wa náà ti parí, Colomba! Àjà òkè tí a fi sílẹ̀ láìkọ́ fún ọdún pípẹ́, mo ti kọ́ ọ. O rántí àríyànjiyàn wa? O ní kí fèrèsé kọjú sí òkun. Mo ní kó kọjú sí òkè, nítorí atẹ́gùn. Mo fi í sí ojú òkun. Atẹ́gùn sì ń wọlé, ó ń wọlé bí onígbèsè tó sá wá! Òótọ́ ni mo sọ, mo sì jẹ̀bi tayọ̀tayọ̀.

Ìyá rẹ, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, máa ń pariwo láràárọ̀. "Ambrogio, ti fèrèsé yìí! Ọlọ́run á bi ọ́ léèrè ikọ́ mi!" Mo máa ń ní, "Mi ò tì í, Màmá." Bí ó bá rò pé mo ti sọ̀kalẹ̀ lọ, ó máa ń gun àkàsọ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó máa ń lọ síbẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lánàá kí n lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ tì í. Ó ṣí i gbalasa. Ó dúró síbẹ̀, irun funfun rẹ̀ ń fò nínú atẹ́gùn, ó ń bá ọ sọ ìròyìn ọjà.

Òtútù ń mú wa nínú ilé yìí, Colomba. A kò ní tì í. A fẹ́ràn rẹ.